A fẹ́ lọ pàgọ́ ká sì pẹja ní etí òkun Ìlàjẹ, ẹ̀yin tẹ́ ẹ mọ̀bẹ̀ ẹ bá wa dá sí i

Àkàndé_Adó:
Ẹ kú ojúmọ́ o ẹ̀yin èèyàn mi. Àwa mẹ́fà kan wà ní Adó níbí tó jẹ́ pé tí òpin ọ̀sẹ̀ bá ti dé, ẹ ò ní bá wa nílé, dáàmù Ìkún ni o, odò Ògbèsè ni o, epìyà àti àrọ̀ ibẹ̀ ti mọ̀ wá. Ní báyìí ọkàn wa ti fà sí òkun. A fẹ́ lọ sí apá Ayétòrò ní Ìlàjẹ, níbi tí àwọn odò kéékèèké yẹn ti ń já sí òkun, ká pàgọ́ sórí iyanrìn, ká sùn mọ́jú, ká pẹja láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ká máa yan án jẹ. Oṣù keje tàbí ìkẹjọ là ń wò torí pé tíṣà pọ̀ nínú wa, ọlidé ni wọ́n máa wà. Ọ̀nà wo ló dáa jù láti Adó? Irú ìwọ̀ wo ni ká gbé? Ṣé a lè rí ọkọ̀ ojú omi háyà, àti pé ṣé ọkàn èèyàn lè balẹ̀ níbẹ̀? Ẹ jọ̀ọ́, ẹni tó ti débẹ̀ rí ni kó dá wa lóhùn.

Ọmọ_Ìlàjẹ_Ìkẹ́rẹ́:
Àkàndé, ẹ kú ìmúra. Ìlàjẹ ni wọ́n bí mi sí, iṣẹ́ ló gbé mi wá sí Ìkẹ́rẹ́, mo ṣì ń lọ sílé déédéé, nítorí náà ẹ jẹ́ n sọ ohun tójú mi ń rí.

Àkọ́kọ́ ná, kò sí iyanrìn ní Ayétòrò tẹ́ ẹ lè pàgọ́ sí. Ẹrẹ̀ ni. Láti Badagry títí dé apá Aràromí, iyanrìn ló wà létí òkun, ṣùgbọ́n tẹ́ ẹ bá ti kọjá Aràromí díẹ̀, ẹrẹ̀ ló bẹ̀rẹ̀ yẹn títí tó fi dé ẹnu odò Benin, etí òkun ẹlẹ́rẹ̀ ti Mahin làwọn tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ ń pè é. Kì í ṣe irú ẹrẹ̀ ojú ọ̀nà oko tá a mọ̀ ní Èkìtì níbí o. Ó dúdú, ó rọ̀, tí omi bá fà tán á máa dán bí àmàlà tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rò, tẹ́ ẹ bá sì gbẹ́sẹ̀ lé e á gbé ẹsẹ̀ yín mì dé orúnkún, bàtà tó bá wọlé síbẹ̀ ẹ gbàgbé ẹ̀. Orí òpó igi làwọn èèyàn wa kọ́lé sí, afárá pákó la fi ń ti ilé kan bọ́ sí èkejì. Ibo lẹ fẹ́ kan èèkàn tẹ́ǹtì mọ́?

Ìkejì, Ayétòrò tẹ́ ẹ ń wò yẹn, inú ìbànújẹ́ ló wà. 1947 làwọn ìjọ Àpọ́sítélì Mímọ́ dá a sílẹ̀, wọ́n ń ṣiṣẹ́ pọ̀, wọ́n ń jẹun pọ̀, ìlú tó lókìkí gan-an ni nígbà yẹn. Ó ti pẹ́ tí òkun ti ń jẹ ẹ́, ilé lọ, ṣọ́ọ̀ṣì lọ, àwọn kan ti kó sẹ́yìn kọ́lé tuntun, òkun tún bá wọn débẹ̀. Ẹ lè lọ o, wọ́n lawọ́ sí àlejò, ṣùgbọ́n ẹ mọ̀ pé ọ̀dọ̀ ẹni tí ilé ń wó mọ́ lójú lẹ̀ ń lọ. Ẹ má bá a dé pẹ̀lú sípíkà ńlá àti ariwo.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé:
Ẹ ṣé ẹ̀gbọ́n fún àlàyé yìí. Ọkọ mi wà lára àwọn mẹ́fà yẹn, mo sì ti ń ka gbogbo ẹ̀ láti àárọ̀. Èmi ò ní kó má lọ o, ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ látàárọ̀ ṣúlẹ̀ ó yẹ kó sinmi, ọ̀rọ̀ ọ̀nà ló ń dùn mí lọ́kàn. Láti Adó dé Igbókòdá, níbi tí wọ́n ti máa wọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ìrìn kékeré, gbogbo wa la sì mọ bí ọ̀nà ṣe rí báyìí. Ẹ jọ̀ọ́ aago mélòó ni wọ́n gbọ́dọ̀ kúrò nílé? Tílẹ̀ bá ṣú bá wọn lọ́nà ńkọ́? Mo sì gbọ́ pé àwọn olè kan wà lórí omi tó ń gba ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ lọ́wọ́ apẹja, ṣóòótọ́ ni?

Ọmọ_Ìlàjẹ_Ìkẹ́rẹ́:
Ìyá Ìbejì, òótọ́ ni mà, mi ò ní purọ́ fún yín. Àwọn olè orí omi máa ń yọ àwọn apẹja wa lẹ́nu, pàápàá àwọn tó bá lọ jìnnà sójú òkun lálẹ́. Torí náà, kí wọ́n má ṣe wọ agbami rárá. Inú odò àti ẹnu odò ni kí wọ́n dúró sí, níbi tí ilé wà lọ́tùn-ún lósì, kí ọkọ̀ wọn sì ti so mọ́lẹ̀ kí aago mẹ́fà ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn NIWA, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọ̀nà orí omi, gan-an ò fẹ́ kí ọkọ̀ èrò rìn lálẹ́. Àwọn ológun ojú omi ní ibùdó ní Igbókòdá, kò sóhun tó burú tí wọ́n bá yà síbẹ̀ béèrè bí ojú omi ṣe rí lọ́sẹ̀ yẹn kí wọ́n tó bọ́ sọ́kọ̀. Tí wọ́n bá ní kò dáa, kí wọ́n padà sílé, kò sí ẹja tó tó ẹ̀mí.

Ọ̀nà: Adó sí Ìkẹ́rẹ́ sí Àkúrẹ́, Oǹdó, Òrè, Òkìtìpupa, Igbókòdá. Kí wọ́n gbéra tí ilẹ̀ bá ti mọ́ dáadáa, kì í ṣe òru, kí wọ́n má sì dúró jẹun kiri. Tí wọ́n bá pẹ́ dé Igbókòdá, kí wọ́n sùn níbẹ̀, kí wọ́n wọkọ̀ lọ́jọ́ kejì.

Tíṣà_Ìjerò:
Èmi náà wà lára wọn. Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò tíì sọ̀rọ̀ nípa oṣù tá a mú o. Oṣù keje ńkọ́?

Dérìn_Ìkọ̀gọ̀sì:
Kí ló tiẹ̀ dé tẹ́ ẹ fẹ́ rin gbogbo ọ̀nà yìí? Èkìtì ní omi. Ẹ wá sí Ìkọ̀gọ̀sì, omi gbígbóná àti omi tútù pàdé níbẹ̀, igbó wà, atẹ́gùn wà, ẹ pàgọ́ yín, ẹ jẹ iyán, ẹ padà sílé láyọ̀. Dáàmù wà káàkiri tẹ́ ẹ bá fẹ́ pẹja. Mò ń sọ ọ́ tọkàntọkàn ni, torí ọ̀rọ̀ ọ̀nà tí Ìyá Ìbejì sọ yẹn.

Àkàndé_Adó:
Dérìn, ẹ ṣé. Ìkọ̀gọ̀sì ti di ilé wa, a ò kóyán ẹ̀ kéré. Ṣùgbọ́n omi tó ń kún tó ń fà, a ò ní in ní Èkìtì. Ẹja inú omi iyọ̀, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ ọ́n àfi kó lọ bá a nílé. Bàbá ọ̀kan lára wa ti ń pẹja láti kékeré, kò tíì rí òkun rí láyé ẹ̀, ó ti pé àádọ́rin ọdún, ó sì ní òun máa tẹ̀ lé wa. Torí tiẹ̀ la ṣe ń fara balẹ̀ béèrè báyìí.

Ọmọ_Ìlàjẹ_Ìkẹ́rẹ́:
Tí bàbá àgbà bá ń bọ̀, ẹ gbàgbé oṣù keje pátápátá. Tíṣà, ẹ má bínú. Òjò nìkan kọ́ ló fà á. Ìgbà òjò yẹn ni ìgbì òkun máa ń le jù lọ́dọ̀ wa, àsìkò yẹn gan-an ló ń wó ilé àwọn èèyàn. Ewéko orí omi tún wà ńbẹ̀, èyí tó kọ́kọ́ fojú hàn ní Nàìjíríà lápá Badagry ní 1984 tó wá gba gbogbo odò kan. Tí òjò bá ti pọ̀, omi odò á borí omi iyọ̀, ewéko yẹn á tẹ́ lọ rẹrẹ débi tẹ́ ẹ fi máa rò pé pápá ni, á wé mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọlọ́kọ̀ á máa pa ẹ́ńjìnnì, á máa fọwọ́ tú u, ẹ lè wà lójú kan títí oòrùn fi máa wọ̀. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn ni omi iyọ̀ máa ń gòkè wọ inú odò, iyọ̀ yẹn ló ń pa ewéko náà.

Oṣù kìíní ni mo fọwọ́ sí, lẹ́yìn tí ọdún tuntun bá ti lọ tán, torí pé tẹ́ ẹ bá lọ nígbà Kérésì àwọn ọmọ Ìlàjẹ tó ń bọ̀ wálé ló máa kún gbogbo ọkọ̀. Ọyẹ́ nìkan ni kẹ́ ẹ máa kíyè sí. Láàárọ̀ ẹ ò ní rí iwájú, ẹ jẹ́ kí oòrùn yọ kẹ́ ẹ tó gbéra.

Ẹ wá wo òṣùpá kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́. Lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́ lomi ń kún, lẹ́ẹ̀mejì ló ń fà, lọ́jọ́ kejì á fi bí ìṣẹ́jú 50 pẹ́ ju tàná lọ. Tí oṣù bá ṣẹ̀ṣẹ̀ lé tàbí tó bá di òṣùpá àrànmọ́jú, omi máa kún ju bó ṣe yẹ lọ, á sì fà ju bó ṣe yẹ lọ, ọkọ̀ lè gúnlẹ̀ sórí ẹrẹ̀ kẹ́ ẹ wà níbẹ̀ títí tó fi máa kún padà. Ẹ mú ọjọ́ tó wà láàárín méjèèjì, nígbà tí òṣùpá bá dà bí ìlàjì. Omi á rọra kún, á rọra fà, ẹni tí ò mọ ibẹ̀ á lè bá a lò.

Apẹja_Ọ̀yẹ́:
Ọ̀rọ̀ ti dé ibi tí mo fẹ́ báyìí. Mo ti bá àwọn ará Ìlàjẹ pẹja rí, ẹ jẹ́ n sọ ti ìwọ̀.

Ọ̀pá tẹ́rẹ́ tẹ́ ẹ fi ń mú epìyà ní Ìkún yẹn, ẹ fi sílé. Tẹ́ ẹ bá ní ọ̀pá tó nípọn tó ní rílì, ó dáa, ṣùgbọ́n okùn ọwọ́ lásán tó nípọn tẹ́ ẹ wé mọ́ igi, òun làwọn ọmọ ibẹ̀ ń lò. Ẹ so òjé tó wúwo sí i torí omi ibẹ̀ ń sáré, ìwọ̀ tí kò bá ní òjé tó tó, omi á gbé e sábẹ́ gbòǹgbò igi ẹ̀gbà, igi tó ń hù nínú ẹrẹ̀ omi iyọ̀ yẹn, ni, á há síbẹ̀, ẹ ó já a. Tẹ́ ẹ bá ń wá ẹja kútà, ẹ fi wáyà irin tín-ín-rín gígùn bí ìka mẹ́ta mẹ́rin sáàárín okùn àti ìwọ̀. Okùn ọ̀rá ò lè dúró níwájú eyín kútà, ẹ̀ẹ̀kan ló máa gé e.

Ìdẹ: edé tútù. Ẹ má gbé ekòló láti Èkìtì, edé pọ̀ níbẹ̀ ju ohunkóhun lọ, ẹrẹ̀ yẹn gan-an ledé fẹ́ràn. Ẹ fi ìwọ̀ wọ inú ìrù ẹ̀ kó jáde lábẹ́, kó máa mira. Tẹ́ ẹ bá rí ẹja àtòkò kékeré ẹ gé e sí wẹ́wẹ́, òun ni kútà ń jẹ.

Àkókò tó dáa jù lójú tèmi ni ìgbà tí omi bá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà. Gbogbo edé àti ọmọ ẹja tó ti wọ inú igbó ẹ̀gbà nígbà tómi kún, wọ́n á máa tú jáde, àwọn ẹja ńlá á ti dúró sí ẹnu odò tóóró yẹn tí wọ́n ń retí wọn. Ẹ so ọkọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹnu ẹ̀, kì í ṣe àárín, ẹ ju ìwọ̀ sí ibi tí omi odò àti omi ńlá ti pàdé, ẹ máa rí ìlà kan lójú omi tó ń hó díẹ̀díẹ̀. Ibẹ̀ ni. Mo rí òbòkún kan tí wọ́n fà jáde níbẹ̀ rí, títóbi ẹ̀, mi ò gbàgbé ẹ̀ dòní.

Tẹ́ ẹ bá dé, ẹ fi omi tí kò níyọ̀ fọ gbogbo irinṣẹ́ yín lọ́jọ́ náà. Tó bá di ọjọ́ kejì, dídógùn-ún ti bẹ̀rẹ̀.

Nọ́ọ̀sì_Adó:
Ẹ̀yin apẹja, níbi òbòkún tẹ́ ẹ dárúkọ yẹn, ẹ dákun ẹ jẹ́ n dá sí i. Ẹ̀gún mẹ́ta ló ní, ọ̀kan lẹ́yìn, ọ̀kọ̀ọ̀kan légbèé méjèèjì, ó sì máa ń nà án gbọn-in tí wọ́n bá ti fà á jáde. Oró wà nínú ẹ̀. Bí wọ́n ṣe ń dì í mú ni pé kẹ́ ẹ tọwọ́ láti abẹ́ ikùn wá, kí àtàǹpàkò wà lẹ́yìn ẹ̀gún ẹ̀gbẹ́ kan, kí ìka tókù wà lẹ́yìn èkejì, kẹ́ ẹ má ṣe fọwọ́ gbá a lórí. Tó bá gún èèyàn, ẹ ki ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ náà bọ omi gbígbóná, èyí tí ara lè gbà tí kò ní bó èèyàn, ẹ jẹ́ kó wà níbẹ̀ fún bí ìṣẹ́jú 30 sí 90. Ooru yẹn ló ń dín oró ẹ̀ kù. Lẹ́yìn náà ẹ wò ó bóyá ẹ̀gún kù sínú, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, tó bá wú tàbí tó jinlẹ̀ ẹ lọ sọ́sibítù. Kẹ́ ẹ sì wo ọ̀rọ̀ abẹ́rẹ́ tẹ́tánọ́ọ̀sì kẹ́ ẹ tó kúrò nílé.

Omi mímu: ẹ gbé e láti Igbókòdá. Omi ibẹ̀ níyọ̀, òjò làwọn ará ibẹ̀ ń gbè mu, lẹ́ẹ̀rùn á ti ń tán lọ́wọ́ wọn, kò yẹ kẹ́ ẹ máa bá wọn pín in. Nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn dandan ni. Láìfù jákẹ́ẹ̀tì, kẹ́nì kọ̀ọ̀kan ní tiẹ̀, kó sì wà lọ́rùn, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi ṣe ìrọ̀rí lábẹ́ ìdí. Bàbá tó ti pé àádọ́rin, kó gbé oògùn ẹ̀ lọ tó máa ju iye ọjọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ lò lọ, torí ọkọ̀ lè má tètè padà. Kẹ́nikẹ́ni má sì wẹ̀ nínú òkun o, bó ti wù kí ó mọ odò wẹ̀ tó. Omi òkun máa ń fa èèyàn lọ láti etí iyanrìn, ẹni tó ń wò ó láti òkè ò ní mọ̀.

Ìyá_Ìbejì_Ìkọ̀lé:
Ọlọ́run á bù kún yín nọ́ọ̀sì. Mo ti kọ gbogbo ẹ̀ sílẹ̀.

Tíṣà_Ìjerò:
Kò burú, oṣù kìíní ni. Ọjọ́ Fúráìdé sí Mọ́ńdè la máa rí gbà, a ó bá ọ̀gá sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n ibo la máa wá sùn, tí kò bá sí iyanrìn? Inú mi ò dùn sí kí n lọ sùn sí hòtẹ́ẹ̀lì.

Ọmọ_Ìlàjẹ_Ìkẹ́rẹ́:
Ọ̀nà méjì ló wà, ẹ lè lo méjèèjì. Àkọ́kọ́, ẹ sùn sọ́dọ̀ onílé kan lábúlé tó wà nínú odò, kì í ṣe etí òkun. Ilé wa máa ń ní pèpéle pákó gbàràmù níwájú, ibẹ̀ la ti ń sá ẹja, ibẹ̀ la ti ń tún àwọ̀n ṣe. Tí tẹ́ǹtì yín bá jẹ́ irú tó ń dá dúró láì kan èèkàn, ẹ gbé e sórí pákó yẹn, atẹ́gùn á máa gba abẹ́ yín, ẹ̀ ó máa gbọ́ omi lábẹ́ ẹní. Bàbá lè sùn nínú ilé. Ìkejì, ní Aràromí, iyanrìn wà níbẹ̀ lóòótọ́, irú èyí tẹ́ ẹ fẹ́. Kẹ́ ẹ tó pàgọ́, ẹ wá ibi tí ìdọ̀tí gbígbẹ, igi àti ewé tí òkun tì sókè, ti tò bí ìlà, ibẹ̀ lomi dé gbẹ̀yìn. Ẹ sún sókè dáadáa sí i, ẹ má ṣe wò ó pé ibẹ̀ ò rẹwà tó.

Níbi méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ lọ kí baálẹ̀. Ẹ gbé ohun àlejò dání, kò ní láti pọ̀. Ẹ sọ ohun tẹ́ ẹ wá ṣe, ẹ jẹ́ kí wọ́n yan ẹnì kan tó máa tẹ̀ lé yín. Ẹni yẹn ló mọ ibi tí wọ́n na àwọ̀n sí, ibi tí òpó wà lábẹ́ omi, ibi tí wọn ò fẹ́ kí àlejò dé. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ́ńjìnnì gé àwọ̀n ẹlòmíì, oúnjẹ ọmọ ẹ̀ lẹ gé yẹn o. Kẹ́ ẹ má sì gé igi ẹ̀gbà tútù dáná. Abẹ́ ẹ̀ ni ẹja ń dàgbà sí, òun náà ló di ìwọ̀nba ilẹ̀ tó kù mú. Ẹ ra igi gbígbẹ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń yan ẹja, ẹ ra ẹja lọ́wọ́ wọn náà nígbà tẹ́ ẹ bá ń bọ̀. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ ya fọ́tò ilé tó wó, ẹ béèrè. Gbogbo ọ̀rá tẹ́ ẹ bá gbé wọlé, ẹ kó o padà.

Ẹ̀gbọ́n_Ẹ̀fọ̀n:
Oúnjẹ ńkọ́? Kí wọ́n gbé iṣu dání ni?

Apẹja_Ọ̀yẹ́:
Ẹ̀gbọ́n, púpurú ni kí wọ́n jẹ níbẹ̀ sà. Ẹ̀gẹ́ ni, wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á mọ ọ́n róbótó, wọ́n á yan án lórí iná, lẹ́yìn náà wọ́n á há èèpo dúdú ẹ̀ kúrò, wọ́n á lọ̀ ọ́. Tí wọ́n bá rò ó tán, òórùn èéfín ẹ̀ ṣì máa wà níbẹ̀ díẹ̀, tó bá wá pàdé ọbẹ̀ ẹja tútù, ẹ ò ní béèrè iyán. Gààrí àti ìrẹsì díẹ̀ tó fún ìyókù, pẹ̀lú ìyọ̀, ata gígún àti epo.

Àkàndé_Adó:
Ẹ̀yin èèyàn wọ̀nyí, ẹ ti ṣe fún wa ju ohun tá a béèrè lọ. Ibi tá a fẹnu kò sí nírọ̀lẹ́ yìí rèé: oṣù kìíní, òpin ọ̀sẹ̀ tí òṣùpá bá ti dé ìlàjì, Tíṣà ló ń wo kàlẹ́ńdà. Alẹ́ àkọ́kọ́ ní Igbókòdá, ìkejì lórí pákó nínú odò, ìkẹta ní Aràromí tójú ọjọ́ bá gbà, tí kò bá gbà a ò ní janpata. A ò wọ agbami. Èmi ló máa ra láìfù jákẹ́ẹ̀tì, méje, ti bàbá náà wà níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n Ọmọ Ìlàjẹ, ọlọ́kọ̀ ló kù. Ṣé kí á san gbogbo owó ẹ̀ lẹ́ẹ̀kan?

Ọmọ_Ìlàjẹ_Ìkẹ́rẹ́:
Rárá. Ẹ bá a dúnàádúrà àlọ, àbọ̀ àti dídúró pọ̀, kẹ́ ẹ tó bọ́ sínú ọkọ̀, torí epo ló ń kó owó jù. Ẹ san owó epo àti ìdajì, ẹ fi ìyókù sílẹ̀ dìgbà tó bá gbé yín padà dé Igbókòdá. Kẹ́ ẹ wo ẹ́ńjìnnì ẹ̀, kẹ́ ẹ béèrè bóyá ó ní àjẹ̀ nínú ọkọ̀, tí ẹ́ńjìnnì bá kú àjẹ̀ ló kù. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan nílé tó ń wa ọkọ̀, onísùúrù ni, kì í mutí. Ẹ fún mi di Sátidé kí n pè é, mà á kọ èsì ẹ̀ síbí.

Dérìn_Ìkọ̀gọ̀sì:
Àkàndé, ṣé àyè ẹnì kan kù?

Àkàndé_Adó:
Ó kù, bóo bá ti ń bọ̀ láìfù jákẹ́ẹ̀tì á di mẹ́jọ nìyẹn. Tẹ́ǹtì rẹ ńkọ́, ṣé irú tó ń dá dúró ni?

Dérìn_Ìkọ̀gọ̀sì:
Òun ni. Èèyàn méjì ló ń gbà, kí bàbá wá bá mi lò ó tí wọn ò bá fẹ́ sùn nínú ilé.